Ibi tí ojú ọjọ́ ti máa ń ṣú ṣáá, ṣé kéèyàn ra sólà?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí mò ń gbé, a lè lo odidi ọ̀sẹ̀ ká má rí oòrùn dáadáa. Mo fẹ́ gbé sólà sórí ilé, àwọn ará ilé ní owó mi fẹ́ wọgbó ni. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ o, àmọ́ ibi tí wọ́n ń wò kọ́ ló wà. Ìmọ́lẹ̀ ni pánẹ́ẹ̀lì ń lò, kì í ṣe ooru, ooru gan-an ò bá a lára mu, tí ara ẹ̀ bá ti gbóná kọjá 25°C, gbogbo dígírì kan tó bá lé ló ń gé nǹkan bí 0.3 sí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú iná tó ń mú wá. Tí àwọsánmà bá bo oòrùn, ìmọ́lẹ̀ ṣì ń gba inú ẹ̀ wọlé, ìyẹn lẹ fi ń ríran lọ́sàn-án ọjọ́ òjò. Kàn jẹ́ pé ó máa ń dínkù gan-an, tó bá ṣú dùdù, nǹkan bí 10 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n kọ sára pánẹ́ẹ̀lì lẹ máa rí.

Mo ti dúró síwájú ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná pánẹ́ẹ̀lì di irú tí ilé ń lò, lọ́jọ́ kan tí àwọsánmà ń sáré kọjá, 2,300 wáàtì ló ń kọ, kí n tó ṣẹ́jú ó ti já sí 410, bí àwọsánmà yẹn sì ṣe kúrò ló fò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí etí àwọsánmà máa ń da ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀ kún ti oòrùn. Ẹ má fi ọjọ́ kan ṣoṣo ṣèdájọ́, iye iná tó ń wọlé lódidi ọdún ni kẹ́ ẹ wò. Jámánì ò lóòrùn tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ sólà wọn ti lé ní 80 gígáwáàtì (ìyẹn 80 mílíọ̀nù kílówáàtì) nígbà tí 2023 fi parí. Lọ́hùn-ún, kílówáàtì kan pánẹ́ẹ̀lì ń mú nǹkan bí 1,000 yúníìtì wá lọ́dún.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá tèmi máa pé mi?

Ìdáhùn: Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni pé ṣé iná ìlú ṣì wà nílé yín? Tó bá wà, kò séwu, oṣù tí sólà bá ti rẹlẹ̀ ẹ máa fi iná ìlú dí i. Àmọ́ tó bá jẹ́ sólà nìkan lẹ fẹ́ gbára lé, oṣù tó burú jù lọ́dún ni kẹ́ ẹ fi ṣírò, nítorí ní Jámánì yẹn náà, ohun tí Oṣù Kejìlá ń mú wá ò ju bí ìdá kan nínú márùn-ún ti Oṣù Kẹfà lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kábàámọ̀, ó sì máa ń dùn mí.

Ẹ lọ sórí PVGIS, ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣírò iná sólà, ọ̀fẹ́ ni, àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló ni ín, ẹ tọ́ka sórí ilé yín lórí máàpù ẹ̀, ó máa sọ iye yúníìtì oṣù kọ̀ọ̀kan fún yín. Kẹ́ ẹ wá gòkè wo òjìji o! Igi kan tó ń ṣíji bo igun pánẹ́ẹ̀lì kan lè fa gbogbo àwọn tí wọ́n so pọ̀ mọ́ ọn sẹ́yìn, èmi bẹ̀rù ìyẹn ju àwọsánmà lọ.

Ìbéèrè: Bátìrì ńkọ́?

Ìdáhùn: Tó bá jẹ́ ọ̀sán lẹ ń fọṣọ, tẹ́ ẹ sì ń lọ̀ ọ́, ẹ lè fi bátìrì sílẹ̀ ná. Bátìrì ń gbé iná ọ̀sán dé alẹ́, kò lè gbé ti oṣù oòrùn dé oṣù tó ṣú. Pánẹ́ẹ̀lì tó dáa ń lò tó ọdún 25, ínfátà ò lè tó bẹ́ẹ̀, ọdún 10 sí 15 ni, torí náà ẹ ka owó ínfátà kejì mọ́ ọn látìsinsìnyí.