Ojú Ọ̀run Tó Bàjẹ́: Orírun Ọ̀rọ̀ Òjò Láàárín Àwọn Slav

Kò sẹ́ni tó rí *dъždžь, ọ̀rọ̀ òjò àwọn Slav àtijọ́, lákọsílẹ̀ rí. Ohun tí ìràwọ̀ kékeré iwájú rẹ̀ ń sọ nìyẹn: inú èdè àwọn ọmọ ni àwọn onímọ̀ ti ṣa ọ̀rọ̀ ìyá jọ. Proto-Slavic, èdè àtijọ́ tí gbogbo èdè Slav ti ṣẹ̀ wá, ni ìyá náà. Ará Rọ́ṣíà ń pè é ní дождь, ará Póláńdì ní deszcz, ará Bọ̀lìgéríà ní дъжд.

Níbo ló ti ṣẹ̀ wá? Ti Nikolai Trubetzkoy, onímọ̀ èdè ará Rọ́ṣíà, ni mo gbà. Ó ní ọ̀rọ̀ méjì ló para pọ̀, láti inú èdè ìyáńlá tí Slav, Gíríìkì àti Sanskrit jọ ti ṣẹ̀ wá: *dus-, “burúkú”, àti *dyeus, ojú ọ̀run tó mọ́, tó tún jẹ́ ọjọ́. Inú èkejì yìí ni orúkọ Zeus, òrìṣà ojú ọ̀run àwọn Gíríìkì, ti jáde. Kò yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu, àwa tí a ń wo òkè tí a ń sọ pé ojú ọjọ́ ṣú. Ẹ wo àwọn ìbátan: durdina ni Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, ń pe ọjọ́ tí ìkùukùu bolẹ̀, “ọjọ́ burúkú” gan-an ni, eudia ni Gíríìkì ń pe ojú ọjọ́ tó tutù minimini, èyí tó dáa. Mo tún rò ó pé ó ṣeé ṣe kí ìbẹ̀rù wà níbẹ̀. Àwọn Slav yìí kan náà ò pe béárì lórúkọ. *Medvědь, “ajẹ-oyin”, ni wọ́n ń pè é. Ta ló mọ̀ bóyá òjò náà ní orúkọ mìíràn tí wọ́n yẹra fún?

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ Norway kan fún òjò wínníwínní ni ìbátan rẹ̀. Gbogbo òjò ni *dъždžь, títí kan èyí tó ń ya ilé. N kò rí bí wínníwínní ṣe máa bí i.

Nínú gírámà, akọ ni. *dъždžь ni tó bá jẹ́ olùwà, *dъždža tó bá jẹ́ “ti òjò”. Fáwẹ̀lì kúkurú ъ ló dùn ún wò jù: nínú ti àkọ́kọ́ ó lágbára, ó di fáwẹ̀lì gidi, nínú èkejì ó pòórá. Ìdí nìyẹn tí Póláńdì àtijọ́ fi ní deszcz àti dżdżu, tí ekòló ṣì ń jẹ́ dżdżownica títí dòní. Rọ́ṣíà ti fi o sí méjèèjì: дождь, дождя.

Ọ̀rọ̀ ìṣe náà wà. Nínú Ìhìnrere èdè Slav àtijọ́, iṣẹ́ tí Cyril àti Methodius, àwọn míṣọ́nnárì méjì tó dé Moravia, ilẹ̀ Slav kan ní àárín Yúróòpù, ní 863, bẹ̀rẹ̀, дъждитъ ni Mátíù 5:45 lò fún Ọlọ́run tó ń rọ̀jò fún olódodo àti aláìṣòótọ́.

Ní Sérbíà àti Croatia, kiša ti gba ipò rẹ̀.