Ẹ̀dínwó Ni, Àbí Gbèsè?

Bí ìròyìn bá ti dé Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè pé owó àgbẹ̀ ti jáde, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń bi àwa tí à ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ ni pé, "Èló ni?" Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé irú owó wo ni.

Ní 2012, nígbà tí Akinwumi Adesina jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, ẹ̀dínwó ni ìjọba ṣe. Àgbẹ̀ tó ti forúkọ sílẹ̀ á rí àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù, á mú un lọ bá ẹni tó ń ta ohun ọ̀gbìn, á san ìdajì owó àpò ajílẹ̀ méjì. Ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ló ń pín ìdajì tó kù san. Bó bá ti gbé àpò rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó parí.

Ètò ẹ̀yáwó àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Anchor Borrowers, tí Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2015, kò rí bẹ́ẹ̀. Gbèsè ni, ó sì ní èlé: 9% lọ́dún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì dín in sí 5% fúngbà díẹ̀ nígbà kòrónà. Ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ ni wọ́n ń gbà á nígbà náà, tí kálukú ń ṣe onídùúró fún ẹnì kejì. Ajílẹ̀, oògùn koríko àti igi ẹ̀gẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi gbà pé ìjọba ló ń tọrẹ. Iléeṣẹ́ tó máa ra irè ti wà nílẹ̀, wọ́n ti fẹnu kò lórí iye.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ibi tí wọ́n ti fẹnu kò yẹn gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ á lo bí oṣù mẹ́wàá sí méjìlá nílẹ̀. Kó tó gbó, gààrí lè ti wọ́n, àwọn ìyá onígààrí á sì gbé owó dé etí oko. Ta ló máa rí owó lójú ẹsẹ̀ tó máa dúró de mọ́tò iléeṣẹ́? N kò lè dá àgbẹ̀ lẹ́bi tán. Ṣùgbọ́n bó bá tà á tán, gbèsè ṣì wà ní báńkì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 2020, báńkì tó yáni lówó lè fi BVN wá owó rẹ̀ dé àkáǹtì tí onígbèsè ní ní báńkì mìíràn, bó bá ti fọwọ́ sí àṣẹ náà nígbà tó ń yá a. Owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ láti Èkó lè bá a lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ̀ka, ẹ béèrè bóyá iye tí iléeṣẹ́ dá lè yí padà bí ọjà bá gbówó lórí, àti ẹni tó máa san owó ọkọ̀. Bí wọn ò bá gbà, ẹ má fi gbogbo oko ṣe é. Ẹ yọ apá kan sílẹ̀ fún àwọn onígààrí. Ẹ béèrè ìwé adójútòfò pẹ̀lú. Bí iná tàbí omi bá ba oko jẹ́, ẹ kọ́kọ́ pe àwọn adójútòfò wá wò ó kí ẹ tó tún oko náà ṣe.

Ọ̀rọ̀ orúkọ kò gùn: kí ti NIN, ti BVN àti ti fọ́ọ̀mù bára mu, pàápàá ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti yí orúkọ padà lẹ́yìn ìgbéyàwó.

Èyí tó ń bí mi nínú ni ti BVN yíyá. Onílẹ̀ tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ á ní kí ẹni tó ń roko bá òun fi orúkọ sílẹ̀, òun á kó ajílẹ̀ lọ, á fún un ní owó díẹ̀. Báńkì kò mọ onílẹ̀ o. Ẹni tó ni BVN ló jẹ wọ́n. Bí ẹ bá sì ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tiyín, ẹ fi fóònù ya ojú ìwé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dá a padà fún wọn.