Ara owó ni dátà àti quantum ti kọ́kọ́ pàdé

Níjọ́ tí àwọn kan wá ń gbẹ́ ilẹ̀ ládùúgbò wa níbí ní Àgbádárìgì kí wọ́n lè ri wáyà fáíbà, ìyẹn okùn gíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé dátà gbà kọjá, àbúrò mi dúró tì mí, ó ní bùrọ̀dá, ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ti ń fi irú okùn yìí gbé iṣẹ́ quantum pa pọ̀ mọ́ dátà tá a fi ń wo fídíò? Mo ní lóòótọ́ ni. Ó ní ta ló wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí tó o bá bi ẹni mẹ́ta, ọ̀kan á ní 2025, ọ̀kan á ní 1997, ẹni tó kàwé díẹ̀ sí i á ní 1984. Èmi ò gba ìkankan nínú ẹ̀. Ara owó ló ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bíi 1970.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Quantum ni wọ́n ń pe ìwà àwọn nǹkan tó kéré jù láyé. Iṣẹ́ quantum, ìyẹn iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́, ara ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tó kéré jù, ni wọ́n sábà máa ń gbé e sí. Tó o bá yọjú wò ó lọ́nà, o ti bà á jẹ́ nìyẹn. O ò sì lè ṣe ẹ̀dà ẹ̀ pa mọ́, àwọn onímọ̀ físíìsì tó ń jẹ́ Wootters àti Zurek fi èyí hàn ní 1982, Dieks náà fi hàn lọ́dún yẹn kan náà. Nǹkan tí ò ṣeé wò, tí ò ṣeé dà kọ, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ ibi tó ń lọ àti ohun tí wọ́n máa fi ṣe? Àfi kí ọ̀rọ̀ míì tójú lè rí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Èyí ò lè ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ àrokò. Ẹni tó gbé àrokò dání ò gbọdọ̀ tú u, ó kàn mọ ẹni tó rán an àti ẹni tó máa fi jíṣẹ́ fún ni, ìyẹn sì ti tó o. Àwọn àgbà kan ní "rò" àti "kò" ló di àrokò, pé èrò ẹni méjì pàdé. Owó ẹyọ mẹ́fà, ẹfà nìyẹn, ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ, ẹjọ, èrò wa jọra. Gollmer, òyìnbó míṣọ́nnárì tó dé Àgbádárìgì ní 1845, tí wọ́n ní òun ló parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa tó wà létí ọ̀sà, orúkọ ẹ̀ ló wà lórí àpilẹ̀kọ tí wọ́n tẹ̀ ní London ní 1885 nípa àrokò, inú mi sì máa ń dùn tí mo bá rántí pé ọ̀dọ̀ wa níbí ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ sì wò ó, owó tí wọ́n fi ń nájà náà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀.

Owó náà ni Stephen Wiesner ń rò nígbà tó ń kàwé ní Yunifásítì Columbia ní New York. Ó fẹ́ owó tí ẹnikẹ́ni ò ní lè ṣe ayédèrú ẹ̀ láéláé. Owó yìí á ní nọ́ńbà lára, nọ́ńbà lásán tí gbogbo ojú ń rí bíi ti náírà wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni àwọn nǹkan quantum tí wọ́n tì mọ́ inú owó náà wà, ipò tí ìkọ̀ọ̀kan wọn wà, báǹkì nìkan ló mọ̀ ọ́n. Tí owó bá padà dé báǹkì, wọ́n á ka nọ́ńbà yẹn, á sì júwe fún wọn bí wọ́n ṣe máa yẹ ìyókù wò láìbà á jẹ́. Ẹ tún èyí kà. Ọ̀rọ̀ tó hàn sójú táyé jókòó ti èyí tó pa mọ́, ọ̀kan ò sì wúlò láìsí èkejì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé dọ́là inú àpò ẹ̀ ló ń wò nígbà tí nọ́ńbà yẹn wá sí i lọ́kàn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀ pé nọ́ńbà yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì jù. Wọn ò gbà á nígbà tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, 1983 ló tó rí i tẹ̀. Ó dùn mí fún un gan-an.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń jẹ́ Charles Bennett ni ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ní 1979, ní San Juan ní Puerto Rico, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Gilles Brassard ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, Bennett kàn lúwẹ̀ẹ́ wá bá a, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn owó Wiesner fún ẹni tí ò mọ̀ rí. Èmi tí wọ́n bí sétí òkun, ìtàn yìí ò tán létí mi. Àfi bíi pé omi ló fà wọ́n pàdé!

Àwọn méjèèjì yìí ló gbé iṣẹ́ 1984 táwọn kan ń tọ́ka sí yẹn jáde, ní Bangalore ní Íńdíà: wọ́n á fi ẹyọ ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́, ẹni tó gbà á á méfò bó ṣe máa wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn náà wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ ní gbangba láti mọ èyí tó méfò dáadáa, ìyẹn ni wọ́n á fi ṣe kọ́kọ́rọ́ àṣírí. Mo gbà pé iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ inú owó Wiesner ló ti jáde, wọn ò sì fi ìyẹn pa mọ́. Ní 1993 ni àwọn méjèèjì àti ẹni mẹ́rin míì sọ bí teleportation, ìyẹn gbígbé ipò quantum lọ síbòmíì láìgbé nǹkan náà fúnra ẹ̀, ṣe máa ṣeé ṣe, bíìtì méjì dátà lásán gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òfìfo ló máa rí gbà.

Àwọn tó ń pariwo 1997, Paul Townsend ni wọ́n ń sọ, ti BT, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. (Orúkọ yẹn kì í ṣàjèjì níbí, Henry Townsend dé Àgbádárìgì ní 1842 kó tó lọ tẹ Ìwé Ìròyìn l'Ábẹ́òkúta ní 1859, mi ò sọ pé ìdílé kan ni wọ́n o.) Paul kó dátà àti quantum sínú fáíbà kan tó jẹ́ 28 kìlómítà, ó fún ìkọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀, dátà ní 1550 nanomítà, quantum ní ìtòsí 1300. Ọ̀nà tí wọ́n á jọ gbà ló là, kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n jọ rìn. Torí ìmọ́lẹ̀ dátà máa ń tàn yòò bí iná ọkọ̀ lóru, ti quantum dà bíi tanátaná, tí dátà bá sì ń kọjá nínú gíláàsì, díẹ̀ nínú ẹ̀ á yí àwọ̀ padà, á fọ́n ká bo ti quantum mọ́lẹ̀.

Ìtàn tó kù ò gùn. Ní 2024, Prem Kumar àti àwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Northwestern l'Amẹ́ríkà ṣe teleportation nínú fáíbà 30 kìlómítà tí dátà 400 gígábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń gbà kọjá. Ní 2025, àwọn ti Yunifásítì Pennsylvania lo fáíbà ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Verizon: ìmọ́lẹ̀ lásán ṣíwájú, rótà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń darí dátà, ka ibi tó ń lọ lára ẹ̀, ẹrù quantum tẹ̀ lé e, wọn ò tú u. Ohun tó kù ni ọ̀nà jíjìn, torí ẹ̀rọ tó ń fún dátà lágbára lójú ọ̀nà, bíi pé ó ń da ìmọ́lẹ̀ kọ sí púpọ̀ ni, quantum ò sì gba ìyẹn.