Oníbodè tó wà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìgbòkun

Ẹni tó bá ti gbàgbé ìgò omi sínú fírísà rí ní Ìjẹ̀bú-Òde ti mọ ohun tó ń ba àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi lẹ́rù nílẹ̀ òtútù. Bí omi bá dì, á wú, bíi ìdá 9 nínú 100. Ìgò oníke á yọ ikùn. Irin ẹ́ńjìnnì kò lè yọ ikùn, lílà ló máa là. Ọyẹ́ tiwa kò lè mú ọ̀sà dì, ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún, wọ́n gbọ́dọ̀ lé omi kúrò nínú ọkọ̀ kí yìnyín tó dé.

Ti omi mímu kò le. Wọ́n á fa táǹkì gbẹ, wọ́n á sì fi kúláǹtì pupa rẹ́súrẹ́sú tí wọ́n fi propylene glycol ṣe sínú páìpù, oògùn olómi tí òtútù kì í tètè mú dì. Ethylene glycol ti rẹ́díétọ̀ mọ́tò kò gbọdọ̀ débẹ̀: ó dùn lẹ́nu, ó sì ń pànìyàn.

Inú ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ pé omi òkun fúnra rẹ̀ ló ń mú un tutù ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn kan á ní kí a ki páìpù tó ń fa omi bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kúláǹtì, kí a tan ẹ́ńjìnnì, pé bí pupa bá ti ń jáde ní sàlẹ́ńsà, iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Tẹ́mósítáàtì wà lójú ọ̀nà, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Ẹ fi wé oníbodè Ìjẹ̀bú ayé àtijọ́. Kí Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́gun ní Ìmàgbọ̀n ní 1892, ará Èkó kò lè kó ọjà la ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá lọ sókè bó ṣe wù ú. Ìjẹ̀bú ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí yóò sì gbé e débi tó ń lọ. Ẹni tó bá rí àlejò náà tó ń padà bọ̀ lè rò pé ó ti wọ ìgboro, bẹ́ẹ̀ ẹnubodè ni ìrìn rẹ̀ mọ. Bí kúláǹtì ṣe ń ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ìlẹ̀kùn wà ní títì. Kúláǹtì á gba ẹ̀gbẹ́ jáde, omi òkun á sì jókòó jẹ́jẹ́ nínú bulọ́ọ̀kù, ìyẹn ara irin ẹ́ńjìnnì gan-an, á máa retí òtútù.

Ìda ni oníbodè yìí, ìda tí wọ́n há mọ́ inú ago irin kékeré. Bó bá gbóná á yọ́, bó bá yọ́ á wú, wíwú rẹ̀ ló ń ti ìlẹ̀kùn ṣí. Ìda ń wú bó bá ń yọ́, omi ń wú bó bá ń dì: ọ̀kan ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì, èkejì ń pa á. Ọgbọ́n ńlá ni, kò lo iná, kò lo kọ̀ǹpútà. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín omi àti oògùn. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń yọ ọ́ sọnù nínú mọ́tò, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná. Kò yẹ bẹ́ẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì tí kò gbóná tó ń jẹ epo, ó sì ń yára gbó.

Àwọn tó mọṣẹ́ kì í wo àwọ̀ ojú sàlẹ́ńsà. Wọ́n lè kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná kí ìlẹ̀kùn ṣí, ṣùgbọ́n kúláǹtì tútù lè mú kó tún padé. Èyí tó dájú ni kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ bulọ́ọ̀kù. Bí omi kò bá jáde, kì í ṣe pé inú gbẹ. Iyọ̀ àti irin tó dógùn-ún ló dí ihò, wáyà ni wọ́n fi ń là á. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yọ tẹ́mósítáàtì, wọ́n á da kúláǹtì sínú bulọ́ọ̀kù títí yóò fi kún, kí wọ́n tó dá oníbodè padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.