Kì í ṣe ìròyìn tó pẹ́ dé ló fa ogun 1812

Bí wọ́n bá ti dárúkọ ogun tí Amẹ́ríkà bá Gẹ̀ẹ́sì jà ní 1812, ẹnìkan á ní ká ní wáyà, ẹ̀rọ tó ń fi ìròyìn ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ti wà láyé ìgbà náà ni, ogun yẹn kì bá tí wáyé. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ohun tó bí i kúkú ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ni Ààrẹ James Madison fọwọ́ sí ogun. Nígbà tó di ọjọ́ 23, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fagi lé àṣẹ tí wọ́n fi ń dènà ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó bá ń lọ ṣòwò lágbègbè Napoleon, olórí Faransé tí Gẹ̀ẹ́sì ń bá jagun. Ọkọ̀ onígbòkun ló sì ń gbé ìròyìn nígbà náà.

Àmọ́ nígbà tí ìròyìn dé, kí ni Madison ṣe? Ibẹ̀ ni wọn kì í fẹ́ bá ọ̀rọ̀ dé. Nínú oṣù Kẹjọ, Prevost tó ń bá Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso Kánádà ránṣẹ́ sí Dearborn, ọ̀gágun Amẹ́ríkà, pé kí àwọn dáwọ́ ìjà dúró ná. Dearborn gbà, Madison kọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Jonathan Russell, aṣojú Amẹ́ríkà, sọ fún Castlereagh, mínísítà Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, pé bí wọ́n bá jáwọ́ nínú fífipá mú àwọn atukọ̀, ìjà lè dúró. Castlereagh náà kọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn atukọ̀ yìí gan-an ni egungun ẹ̀yìn ìjà náà. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì á dá ọkọ̀ oníṣòwò dúró, àwọn ológun á gòkè wá, wọ́n á to àwọn atukọ̀ sórí ìlà, ọ̀gá wọn á máa tẹ́tí sí ohùn oníkálukú. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá jọ ti ará Gẹ̀ẹ́sì, ó ń bá wọn lọ nìyẹn, ì báà mú ìwé lọ́wọ́ pé ọmọ Amẹ́ríkà lòun. Ní 1807, ọkọ̀ Leopard tiẹ̀ yìnbọn lu Chesapeake, ọkọ̀ ogun ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Ó pa èèyàn, ó sì kó mẹ́rin lọ. Wáyà wo ló fẹ́ dá irú àwọn wọ̀nyí padà sílé?

Síbẹ̀, n kò ní búra pé kò sí ohun tí ì bá yí padà. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà ni Castlereagh ti sọ ọ́ nílé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn máa dá àṣẹ tó ń dènà ọkọ̀ náà dúró. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ilé Sẹ́nétọ̀ Amẹ́ríkà dìbò fún ogun, 19 sí 13. Bí mẹ́rin bá yíhùn padà, ó parí. Bóyá.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbà pé ìròyìn tó tètè dé ti tó. Ní 1810, mínísítà Napoleon kọ̀wé pé Faransé ti fagi lé òfin tirẹ̀ tó ń ni ọkọ̀ Amẹ́ríkà lára. Madison gbà á gbọ́, ó kéde rẹ̀, Faransé sì ń gba ọkọ̀ nìṣó. Nígbà tí Joel Barlow, aṣojú Amẹ́ríkà ní Faransé, béèrè ẹ̀rí ní 1812, ìwé tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ní déètì oṣù Kẹrin 1811 lára. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìjọba Amẹ́ríkà tó rí i rí.