Calisson: ẹ má kánjú mẹ́lọ́ọ̀nù rẹ̀

Ẹni tó bá dé ìlú Aix-en-Provence, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, kò ní í pẹ́ rí calisson: midinmíìdìn kékeré tí wọ́n fi álímọ́ńdì àti mẹ́lọ́ọ̀nù ṣe, tó ṣóńṣó lórí méjèèjì bí ọkọ̀ ojú omi, tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Ó wà lára oríṣi ìpanu 13 tí àwọn ará Provence ń tò sórí tábìlì lálẹ́ Kérésìmesì. Wọ́n ní ibi ìgbéyàwó Ọba René, olórí Provence nígbà náà, àti Jeanne de Laval ní 1454 ló ti ṣẹ̀, pé òun ló mú ìyàwó tí kì í rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. N kò bá wọn búra sí i o.

Mẹ́lọ́ọ̀nù tí mò ń wí kì í ṣe ègúsí, kì í sì í ṣe bàrà olómi tí wọ́n ń gé tà létí títì. Èyí tí inú rẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ ni. Álímọ́ńdì náà kì í ṣe ti igi fúrúùtù tí a máa ń sọ lókò nílé ìwé. Kóró ìyẹn ṣeé jẹ, àmọ́ igi ọ̀tọ̀ ni.

Mẹ́lọ́ọ̀nù yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Wọn kì í lò ó ní tútù. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ rì í sínú omi ṣúgà gbígbóná di ọjọ́ kejì. Lójoojúmọ́, ẹ kó èso náà jáde, ẹ fi ṣúgà kún omi rẹ̀, ẹ sè é, ẹ dà á padà lé e lórí. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni omi inú èso ń jáde tí ṣúgà ń wọlé dípò rẹ̀. Bí ẹ bá da gbogbo ṣúgà sí i lẹ́ẹ̀kan náà, yóò hunjọ, yóò sì le. Ẹni tí kò ráyè lè ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán; èmi náà ń rà á. Ṣùgbọ́n ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi aṣọ nù ún. Bí omi bá kù lára rẹ̀, calisson yín kò ní í dì.

Ẹ rì gíráàmù 250 álímọ́ńdì sínú omi gbígbóná, ẹ bó o bí ẹní bó ẹ̀wà àkàrà, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bí ẹ bá ń lọ̀ ọ́, ẹ máa dá ẹ̀rọ dúró lóòrèkóòrè; ẹ ṣáà mọ bí ẹ̀pà ṣe ń yọ òróró tí a bá lọ̀ ọ́ jù. Ẹ lọ gíráàmù 250 mẹ́lọ́ọ̀nù mọ́ ọn, pẹ̀lú 50 èèpo ọsàn tí wọ́n fi ṣúgà sè bákan náà, 100 ṣúgà lẹ́búlẹ́bú àti ṣíbí omi òdòdó ọsàn kan. Ẹ pò ó títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́.

Ẹ tẹ́ ẹ sórí bébà jíjẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, irú èyí tí ìjọ Àgùdà fi ń gba ara Olúwa, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú láìbò. Ẹ wá po funfun ẹyin kan mọ́ gíráàmù 150 ṣúgà lẹ́búlẹ́bú, ẹ fi kùn ún lórí, ẹ fi ọ̀bẹ tútù gé e, kí ẹ gbé e sínú ófùnù ní ìwọ̀n ooru 130 °C fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Gbígbẹ là ń wá níbẹ̀, kì í ṣe yíyan. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, fóònù ni mò ń gbà lọ́wọ́. Nígbà tí n ó fi ṣí ófùnù, gbogbo rẹ̀ ti pọ́n bí àkàrà. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́ tán kí n tó ráyè tijú.