Kí ni 5/7 ń wá nínú ìwé oògùn?

Òkè-Fíà, ní Òṣogbo, ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé wà. Orin ẹgbẹ́ akọrin, ìdánwò kẹ́mísìrì, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, kò sí èyí tí kì í gba ọwọ́ mi kọjá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan mú ìwé oògùn wá pé kí n bá àwọn ṣe fótókọ́pì rẹ̀. Wọ́n fi ìka tọ́ ìlà kejì, wọ́n ní: "Ọmọ mi, ta ló fẹ́ bá mi gé oògùn sí ọ̀nà méje?" Ìbéèrè wọn ló bí èyí. Mo fi ti àwọn oníbàárà mìíràn kún un.

Kí ni "1 tds x 5/7" ń sọ gan-an?

Ó ní kí ẹ lo ẹyọ kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Kò sí gígé kankan níbẹ̀. Ọjọ́ méje inú ọ̀sẹ̀ ni 7 ìsàlẹ̀ yẹn. Ó kàn fi yé wa pé ọjọ́ là ń kà. Bí dókítà bá kọ 2/52, ọ̀sẹ̀ méjì ni, torí ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. 3/12 ńkọ́? Oṣù mẹ́ta. Ọmọ ilé-ìwé tó bá rí 3/12 yóò sọ ọ́ di 1/4, yóò sì gba máàkì. Bí apòògùn bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dàrú nìyẹn.

Ìkékúrú èdè Látìn ni tds: ter die sumendum, "kí a lò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́". Ẹ̀ẹ̀mejì ni bd, alẹ́ ni nocte. Mo ṣàlàyé fún màmá, síbẹ̀ mo ní kí wọ́n padà lọ bi apòògùn. Mo lè mọ àmì, àmọ́ ọwọ́ ìkọ̀wé dókítà, n kò lè búra.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú kọ ọ́ jáde?

Ó ń yá wọn lọ́wọ́. Ohun téèyàn bá ń kọ lójoojúmọ́, yóò wá ọ̀nà gé e kúrú. Robert Recorde, ará Wales, ló kọ́kọ́ lo àmì = nínú ìwé ní 1557, nígbà tó sú u láti máa kọ "dọ́gba pẹ̀lú" ní gbogbo ìgbà. Ó fa ìlà méjì tí gígùn wọn bára mu, ó ní kò sí ohun méjì tó tún lè dọ́gba jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú tèmi ṣá o, ìwé tí aláìsàn ń gbé lọ sílé yẹ kó yé aláìsàn.

Ṣé lẹ́tà ńlá àti kékeré já mọ́ nǹkan kan?

Tíṣà kẹ́mísìrì kan ti bínú sí mi nítorí rẹ̀. CO ni wọ́n kọ, Co ni mo tẹ̀. Mẹ́tàlì kan tó ń jẹ́ cobalt ni Co. CO ni afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín jẹnẹrétọ̀, èyí tí kò ní òórùn, tó ń pa ẹni tó bá tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́nu fèrèsé sùn. Berzelius, ará Sweden, ló gbé ọ̀nà ìkọ̀wé onílẹ́tà yìí kalẹ̀ láàárín 1813 sí 1814, Látìn náà ló sì gbé e lé. Ìdí nìyẹn tí sodium fi ń jẹ́ Na: natrium ni.

Kí ni gbogbo tóótòòtó inú sol-fa?

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Sol-fa ni ọ̀nà tí a fi ń fi lẹ́tà kọ orin: d ni dò, r ni re, m ni mí. Ẹ wo ìlà yìí:

| d :r | m :– |

Ìró tó wúwo ló ń tẹ̀ lé ìlà òòró. Tóótó méjì tó wà lórí ara wọn ń pe ìró tó kàn. Ẹyọ tóótó kan á pín ìró sí méjì. Dáàṣì ní kí ẹ fa ohùn tó ṣáájú gùn. Àyè tó bá ṣófo, ẹ dákẹ́. Mo ti pa dáàṣì kan rẹ́ rí, mo rò pé ìdọ̀tí ni. Níbi tó yẹ kí álítò ti fa "Halelúyà" gùn, wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́.

Sarah Glover, ará Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Pásítọ̀ John Curwen ló tún un ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kò bá àmì ohùn wa dọ́gba o. Dò re mí tí a fi ń ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ kò kọjá ìsàlẹ̀, àárín àti òkè.

Àmì ojú ọpọ́n Ifá ńkọ́?

Babaláwo á gbá ikin 16. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù lọ́wọ́, àmì méjì ni yóò tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn. Bí méjì bá ṣẹ́kù, àmì kan. Ojú mẹ́jọ ni, ọ̀tún máa ń ṣáájú òsì. Ọ̀nà méjì lójú mẹ́jọ, odù 256 nìyẹn, iye kan náà tí báìtì kan nínú kọ̀ǹpútà lè gbà. Ẹni tó bá rí àmì ẹyọ kọ̀ọ̀kan lójú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ̀ pé Èjì Ogbè ni, ṣùgbọ́n àmì kò ní bá a ki ẹsẹ. Orí babaláwo ni ẹsẹ wà, bí adùn ohùn ṣe wà lọ́fun akọrin.

Kí ló dé tí d mi máa ń di D tí o bá tẹ̀ ẹ́?

Ọ̀gá akọrin ló bi mí. Kọ̀ǹpútà rò pé gbólóhùn ni gbogbo ohun tó bẹ̀rẹ̀ ìlà, ló bá ń fún un ní lẹ́tà ńlá. Ctrl àti Z, tó ń dá ohun tí kọ̀ǹpútà ṣe padà, ni mo máa ń tẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bọ́tìnnì tí mo fi ń fa ìlà òòró sol-fa ni mo fi tẹ Èjì Ogbè fún oníbàárà kan láàárọ̀ yìí: | lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Kọ̀ǹpútà ò sọ nǹkan kan.